OJÚ LỌ̀RỌ̀ WÀ: Ìkọ́ni Lórí Ẹ̀rọ àti Ohun tí Ẹ̀yọ̀ Fi Yé Wa



Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ojú lọ̀rọ̀ wà. Bí ènìyàn méjì bá ń sọ̀rọ̀, ojú ni ọ̀kan fi ń mọ̀ bóyá ọ̀rọ̀ òun wọ èkejì létí tàbí kò wọ̀ ọ́. Ọgbọ́n yìí ni èmi náà fi ṣe iṣẹ́ olùkọ́ lítíréṣọ̀ fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọdún. Bí ojú akẹ́kọ̀ọ́ bá fà ro, n óò tún ọ̀rọ̀ náà sọ. Bí wọ́n bá rẹ́rìn-ín, n óò tẹ̀ síwájú. Ṣùgbọ́n ní ọdún 2020 àrùn Kòrónà dé, a ti ilé-ẹ̀kọ́ pa, nígbà tí a sì padà ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2021, orí ẹ̀rọ ni a ti ń kọ́ni. Ojú di àwátì. Orúkọ nìkan ni mo ń rí nínú àwọn àpótí dúdú kéékèèké. Ìbéèrè tí mo fẹ́ kí a jọ gbé yẹ̀ wò lónìí ni èyí: bí a kò bá rí ojú mọ́, níbo ni ọ̀rọ̀ wà?

Kí n tó dáhùn, ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́ àṣìṣe kan. Mo pàṣẹ nígbà náà pé ẹnikẹ́ni tí kò bá ṣí kámẹ́rà rẹ̀, kò wá sí kíláàsì. Akẹ́kọ̀ọ́-bìnrin kan wà tí kò ṣí tirẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà gbáko, tí kò sì sọ ọ̀rọ̀ kan. Lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ ni mo ń kọ ọ́ síwájú orúkọ rẹ̀ pé kò wá. Nígbà tí iṣẹ́ àṣetiléwá rẹ̀ dé ọwọ́ mi, mo rí i pé ó gbọ́ ohun gbogbo tí mo sọ, àní títí kan àwàdà tí mo fi há a. Mo pè é lórí fóònù. Ó ní, "Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má bínú, sà. Ṣọ́ọ̀bù màmá mi ní Ìdúmọ̀tà ni mo ti ń gbọ́ yín. Fóònù wọn ni mo ń lò. Bí mo bá ṣí kámẹ́rà, dátà á tán kí ẹ tó sọ̀rọ̀ dé ìdajì, màmá mi ò sì ní lè pe oníbàárà kankan mọ́."

Ojú tì mí. Ẹni tí ó wà níbẹ̀ ni mo kọ pé kò sí. Ó ku díẹ̀ kí àmì tí mo fi sílẹ̀ náà dí i lọ́nà ìdánwò. Èyí tí ó dùn mí jù ni pé àwọn méjì mìíràn wà tí n kò tètè pè. Wọn kò padà sí kíláàsì mi mọ́.

Ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó ni akẹ́kọ̀ọ́ yìí, ọ̀rọ̀ rẹ̀ sì rán mi létí ohun tí ó yẹ kí n ti mọ̀. Ẹ wo Adámú Òrìṣà, tí wọ́n fi ṣe ẹ̀yẹ ìkẹyìn fún Ọba Akítóyè ní ọdún 1854. N kò wá tú awo o. Ohun tí gbogbo ojú ń rí ní ìgboro ni mo ń wí. Aṣọ funfun bo Ẹ̀yọ̀ láti òkè dé ilẹ̀. Kò sí ẹni tí ó rí ojú rẹ̀, síbẹ̀ kò sí ọmọ Èkó tí yóò sọ pé kò sí ẹnìkan níbẹ̀. Akẹtẹ̀ rẹ̀ ni a fi ń mọ ibi tí ó ti wá: dúdú ni ti Adímú, pupa ni ti Làbà, àwọ̀ ìyeyè ni ti Oníkò. Bí a bá kí i, yóò dáhùn, yóò sì súre. Kò sí ẹni tí í sọ fún un pé kí ó ṣí ojú kí a tó gbà pé ó wá.

Nítorí náà, ohun méjì ni ó lè dúró fún ojú: kí a mọ ilé tí ẹnìkan ti ń bọ̀, kí a sì máa dá ara wa lóhùn. Níbi tí ìdáhùn bá wà, ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe tuntun. Ní ọdún 1944, Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ gba oyè Yunifásítì Lọ́ńdọ̀nù nínú ìmọ̀ ìṣòwò kí ó tó wọ ọkọ̀ lọ sí Lọ́ńdọ̀nù láti kọ́ òfin. Ní ọdún 1974, Yunifásítì Èkó dá ẹ̀ka tí ń fi ìwé ránṣẹ́ kọ́ni sílẹ̀. National Open University bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1983, ìjọba ológun dá a dúró ní 1984, a sì jí i dìde ní 2001. Ẹni tí ó bá fi lẹ́tà kẹ́kọ̀ọ́ kò rí ojú olùkọ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n iṣẹ́ rẹ̀ ń padà wá pẹ̀lú ọ̀rọ̀ tí olùkọ́ fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ sí etí ìwé. Ẹ̀rọ ti mú kí sísọ̀rọ̀ rọrùn fún olùkọ́. Ó sì ti mú kí àìdáhùn rọrùn fún un pẹ̀lú.

Ohun mẹ́ta ni mo ń ṣe báyìí. Èkíní, kí ẹ̀kọ́ tó bẹ̀rẹ̀, mo máa ń bèèrè lọ́wọ́ akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan ibi tí yóò ti máa gbọ́ mi, ẹ̀rọ tí yóò lò, àti àkókò tí iná máa ń wà. Èkejì, n kò jẹ́ sọ̀rọ̀ kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá láìbèèrè ìbéèrè tí a lè fi ohùn tàbí gbólóhùn kan dáhùn. Mo sì ń fi ohùn ẹ̀kọ́ náà ránṣẹ́ lórí WhatsApp, nítorí ohùn kì í jẹ dátà tó àwòrán. Ẹ̀kẹta, ẹni tí kò bá dáhùn ní ọ̀sẹ̀ méjì, mo ń pè é kí n tó kọ ohunkóhun síwájú orúkọ rẹ̀.

Àwọn kan yóò ní ọ̀lẹ yóò fara pamọ́ sẹ́yìn òkùnkùn. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n mo ti rí ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ tí ojú wọn là kedere níwájú mi, tí ọkàn wọn sì ti dé Èbúté Èrò. Ìbéèrè ni ó ń tú ọ̀lẹ fó. Kámẹ́rà kò lè ṣe é. Àwọn mìíràn yóò ní iṣẹ́ náà pọ̀ jù fún olùkọ́ tí ó ní akẹ́kọ̀ọ́ púpọ̀. Èyí náà jẹ́ òótọ́, ó sì jẹ́ ìdí tí ó fi yẹ kí àwọn aláṣẹ fún irú olùkọ́ bẹ́ẹ̀ ní igbákejì kí wọ́n tó fún un ní ẹ̀rọ tuntun.

Mo pa àmì mẹ́fẹ̀ẹ̀fà rẹ́. Ọmọ náà ṣe ìdánwò rẹ̀, ó sì yege. Àwọn méjì tí n kò pè ni mo ń rántí nígbàkígbà tí mo bá tan ẹ̀rọ, tí mo sì rí àpótí dúdú níwájú mi. Ènìyàn wà nínú rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a kí i, kí a sì dúró gbọ́ ìdáhùn rẹ̀.