Ojú Tó Gbọ́dọ̀ Rí Irin Kí Kọnkéré Tó Bò Ó

Láti Mọ́níyà títí dé Ìrókò níbí, lójú ọ̀nà Ọ̀yọ́ àtijọ́, ilẹ̀ tí a ń gbin ẹ̀gẹ́ sí lánàá ti di ilé. Inú mi dùn sí i, ẹ̀rù sì ń bà mí. Lóru ọjọ́ kan níparí oṣù Kẹwàá ọdún 2024, ilé kan wó lu àwọn tó ń sùn ní Jẹ́gẹ́dẹ́, ní Ọnà-Àrà. Ènìyàn 10 ló bá a lọ. Ọnà-Àrà kò jìnnà sí wa.

Ohun tí mo bá wá kò ju ìbéèrè kan lọ: ta ló ń wo iṣẹ́ nígbà tí ojú ṣì lè rí i?

Ẹ jẹ́ ká wo ọjọ́ dẹ́kìn. Ayọ́nbẹ́ńdà ti to irin, ó ti fi wáyà dì í. Kápẹ́ńtà ti kan pákó, ó ti fi igi tì í nísàlẹ̀. Àwọn alágbàṣe dé, mísà ń yí, onílé ti se ìrẹsì. Kí ọjọ́ tó rọ̀, gbogbo irin yẹn á ti wọnú kọnkéré, kò sẹ́ni tó tún máa rí i mọ́. Ìdí nìyẹn tí alábòójútó fi gbọ́dọ̀ dé kí páànù àkọ́kọ́ tó gòkè. Ṣé irin mílímítà 12 tí pùláànù sọ ló wà níbẹ̀, àbí wọ́n ti fi 10 rọ́pò rẹ̀? Ṣé wọ́n fi bísíkíìtì, àwọn sìmẹ́ńtì pẹlẹbẹ kéékèèké yẹn, sábẹ́ irin kó má baà sùn lórí pákó? Irin tó bá sùn lórí pákó, bó pẹ́ bó yá, ọ̀rinrin á bá a, á dógùn-ún, á wú, á sì ya kọnkéré. Lẹ́yìn náà ni kí alábòójútó dúró ti omi. Àwọn tó ń po kọnkéré fẹ́ kó ṣàn, kó lè rọrùn láti tẹ́. Omi àpọ̀jù yẹn gan-an ló ń pa agbára kọnkéré. Sìmẹ́ńtì pàápàá kì í ṣe bákan náà. Láti 2014 ni SON, àjọ tó ń rí sí òdiwọ̀n ọjà, ti sọ pé sìmẹ́ńtì 32.5 wà fún rírẹ́ ògiri nìkan, 42.5 ni ti búlọ́ọ̀kù, òpó àti dẹ́kìn. Ẹ ka ara àpò kí ẹ tó tú u.

Ta wá ló yẹ kó ṣe iṣẹ́ yìí? Bíríkìlà tó kọ́ṣẹ́ yanjú lọ́dọ̀ ọ̀gá, tó sì yege ìdánwò iṣẹ́ ọwọ́ ti ìjọba, lè di fọ́máànù, mo sì bọ̀wọ̀ fún un. Ṣùgbọ́n òpó tó máa gbé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, ìṣirò ló ń sọ iye irin tó máa wà nínú rẹ̀. Ẹni tó gba OND tàbí HND nínú ilé kíkọ́, bí wọ́n ṣe ń kọ́ ọ ní Poli Ìbàdàn, ti kọ́ bí a ṣe ń ka pùláànù. Ọ̀gá kọ́lékọ́lé tí òfin mọ̀ ni ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà nínú ìwé CORBON, ìgbìmọ̀ àwọn kọ́lékọ́lé tí òfin ọdún 1989 dá sílẹ̀. COREN ni ti àwọn ẹnjiníà. Ẹ béèrè nọ́mbà ìforúkọsílẹ̀ rẹ̀, kò sí àrífín níbẹ̀.

Ti olùyẹ̀wò ìjọba yàtọ̀. Òun ló lágbára láti dá iṣẹ́ dúró. Bí a bá rí àmì ọ̀dà pupa wọn lára ògiri, owó la máa ń rò pé wọ́n wá gbà. Àwọn tó ń gbowó wà lóòótọ́, mi ò ní gbè wọ́n. Ṣùgbọ́n olùyẹ̀wò tó dé lẹ́yìn òrùlé, ọ̀dà nìkan ló máa rí. Onílé fúnra rẹ̀ ni kó ránṣẹ́ sí ọ́fíìsì wọn ní Mọ́níyà ṣáájú dẹ́kìn.

Onílé náà ni kó san owó alábòójútó, kó má fi í sílẹ̀ fún kọ́ńtírátọ̀ tí alábòójútó ní láti máa ṣọ́. Bí alábòójútó bá sì yọwọ́, kí iṣẹ́ dúró. Ní Ìkòyí l'Ékòó, iléeṣẹ́ ẹnjiníà kan ti kọ̀wé yọwọ́ nínú iṣẹ́ ilé alájà 21 kan ní 2020. Iṣẹ́ ò dúró. Ní ọjọ́ 1 oṣù Kọkànlá 2021, ilé yẹn wó, ó pa ènìyàn tó lé ní 40.

Ẹ̀yin ẹgbẹ́ bíríkìlà Ìrókò, ẹ yan ọmọ iṣẹ́ méjì lọ́dọọdún, kí ìlú bá wọn san owó ìdánwò. Èmi á wá kọ́ wọn ní pùláànù kíkà, mi ò ní gba kọ́bọ̀.