Láti Ẹgbẹ́ Iléeṣẹ́ Aṣọ dé Ife Àgbáyé: Ọ̀rọ̀ Ìdágbére fún Àwọn Akẹ́kọ̀ọ́ Tó Ń Jáde ní Ìgbayè

 

Ìlú Ìrá kò jìnnà sí Ìgbayè. Ẹni tó bá ti gba Òkukù kọjá sí ọ̀nà Ọ̀fà ti ń sún mọ́ ọn. Ibẹ̀ ni wọ́n sin Ràṣídì Yẹkínì, agbábọ́ọ̀lù Nàìjíríà, sí lóṣù Karùn-ún ọdún 2012. Kàdúná ni wọ́n bí i sí, lọ́jọ́ 23 oṣù Kẹwàá, 1963. Ojú irin tó gba Ìkìrun àti Ọ̀fà kọjá ló gbé ọ̀pọ̀ ará agbègbè yìí lọ ṣòwò, lọ wáṣẹ́ lókè Ọya, níbi tí Kàdúná wà.

Ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù iléeṣẹ́ aṣọ UNTL ní Kàdúná ni Yẹkínì ti bẹ̀rẹ̀. Nígbà tó di 1982, ó wọ ẹgbẹ́ Shooting Stars n'Íbàdàn. Ọdún 1984 ló kọ́kọ́ tọ́ adùn àti ìkorò wò pọ̀. Ó wà nínú ikọ̀ Nàìjíríà tó dé àṣekágbá ife ilẹ̀ Áfíríkà, Cameroon fi 3-1 gbà á lọ́wọ́ wọn. Lópin ọdún náà, Shooting Stars dé àṣekágbá ife àwọn ẹgbẹ́ tó gbégbá orókè ní Áfíríkà, Zamalek ilẹ̀ Íjíbítì nà wọ́n 2-0 ní Cairo, ó tún nà wọ́n 1-0 l'Ékòó.

Kò tìtorí ìyẹn jókòó sílé. Ó lọ sí Abiola Babes, ẹgbẹ́ Olóyè M.K.O. Abíọ́lá l'Ábẹ́òkúta. Ní 1987 ó kọjá sí Africa Sports ní Abidjan, ní 1990 ó sì balẹ̀ sí Vitória ìlú Setúbal, ní Pọ́túgà.

Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ òní wà. Kò tíì pé ọdún kan tó débẹ̀ tí ẹgbẹ́ náà já bọ́ sí líìgì kejì. Ẹni tó ti fi ilé àti ọ̀nà sílẹ̀ nítorí líìgì ńlá ilẹ̀ Yúróòpù wá bá ara rẹ̀ nísàlẹ̀. Yẹkínì dúró. Ní sáà 1992 sí 1993, ó gbá góòlù 34 wọlé ní líìgì kejì yẹn, Setúbal sì padà sókè. Ní sáà tó tẹ̀ lé e, ó gbá 21 wọlé ní líìgì àkọ́kọ́, kò sì sẹ́ni tó gbá tó bẹ́ẹ̀ ní àwọn ẹgbẹ́ ńlá bíi Benfica, Porto tàbí Sporting. Òun náà ni ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tí wọ́n fi ṣe agbábọ́ọ̀lù tó dára jù ní Áfíríkà, fún ọdún 1993.

Lọ́jọ́ 21 oṣù Kẹfà, 1994, Nàìjíríà gbá bọ́ọ̀lù rẹ̀ àkọ́kọ́ nínú ife àgbáyé, ní Dallas, Bulgaria ni wọ́n bá pàdé. Ní ìṣẹ́jú kọkànlélógún, akẹgbẹ́ rẹ̀, Finidi George, fi bọ́ọ̀lù gba ilẹ̀ láti ọwọ́ ọ̀tún. Yẹkínì yọ lẹ́yìn àwọn tó ń ṣọ́ ilé, ó tì í wọlé. Ó sá wọ inú àwọ̀n, ó na ọwọ́ méjèèjì gba ojú àwọ̀n jáde, ó dì í mú, ó ń sunkún, ó ń pariwo. Ọmọ ọgbọ̀n ọdún ni.

Irú ìdúró nísàlẹ̀ bẹ́ẹ̀ wà nínú baseball l'Ámẹ́ríkà náà, eré tí wọ́n ń fi igi gbá bọ́ọ̀lù, níbi tí ọ̀pọ̀ eléré ti máa ń lo ọdún gbọọrọ ní àwọn líìgì kéékèèké. Gift Ngoepe, ọmọ South Africa tí ìyá rẹ̀ ń tún ilé ẹgbẹ́ baseball ṣe, fọwọ́ síwèé pẹ̀lú ẹgbẹ́ Pittsburgh Pirates ní 2008. Ọjọ́ 26 oṣù Kẹrin, 2017, ló tó wọ líìgì ńlá, òun sì ni ẹni àkọ́kọ́ tí wọ́n bí ní Áfíríkà tó débẹ̀.

Láàárín àwọn tó ń jáde lónìí, àwọn kan á wọ yunifásítì lọ́dún yìí. Àwọn kan á tún JAMB ṣe. Àwọn mìíràn á lọ kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ ọ̀gá télọ̀ tàbí mẹkáníìkì n'Íkìrun tàbí n'Ínísà, nígbà tí ojúgbà wọn ń ya fọ́tò nínú ọgbà ilé-ìwé gíga. Kí ẹni tó bá wà ní líìgì kejì lọ́dún yìí rántí góòlù 34 náà. Yẹkínì kò fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú pápá tó wà nítorí pé kì í ṣe èyí tó fẹ́. Kí ọmọ iṣẹ́ rán ṣòkòtò ẹni tí kò lówó lọ́wọ́ bí ẹni ń rán ti ọba. Kí ẹni tó ń tún JAMB ṣe jókòó ti ìṣirò tó fìyà jẹ ẹ́ lọ́dún tó kọjá.

Ẹ̀yin òbí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ọmọ tó tètè wọlé bú èyí tó ń dúró. Ẹ san owó ìdánwò rẹ̀, ẹ fún un láyè kàwé lálẹ́, ẹ sì máa bi í léèrè ibi tó bá iṣẹ́ dé.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, ẹ máa lọ ire. Ọlọ́run á ṣọ́ àlọ yín, á ṣọ́ àbọ̀ yín, a ó sì máa gbọ́ ìròyìn ayọ̀ yín n'Ígbayè.