Ẹ̀jẹ̀ Tí A Gbà fún Àyẹ̀wò: Láti Iṣan Apá dé Yàrá Àyẹ̀wò ní Etí Òkun Ìlàjẹ

Àwọn àgbà ní ojú ni ọ̀rọ̀ wà. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀lọpọ̀ àrùn ni kì í hàn lójú. Inú ẹ̀jẹ̀ ni ọ̀rọ̀ tiwọn wà. Ìdí nìyí tí dókítà fi máa ń ní kí a gba ẹ̀jẹ̀ aláìsàn kí òun tó sọ irú oògùn tí yóò lò. Ẹ̀jẹ̀ inú ìgò ni ẹlẹ́rìí tí dókítà ń pè. Ẹlẹ́rìí yìí kò dà bí ẹlẹ́rìí ilé ẹjọ́ tí ó lè jókòó sílé títí di ọjọ́ ìgbẹ́jọ́. Láti ìṣẹ́jú tí ó ti kúrò nínú iṣan ni ó ti ń yí padà. Bí a kò bá tọ́jú rẹ̀, irọ́ ni yóò pa fún dókítà, dókítà yóò sì gbà á gbọ́.

Ọ̀rọ̀ yìí kan gbogbo ilé ìwòsàn, ṣùgbọ́n ó le jù fún irú ìlú bí Ugbonla. Etí òkun ni Ugbonla wà, ní ilẹ̀ Ìlàjẹ ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó. Ọkọ̀ ojú omi ni mọ́tò àwọn ará agbègbè náà. Igbokoda, tí í ṣe olú ìlú ìjọba ìbílẹ̀ Ìlàjẹ, ni ọ̀nà omi ti pàdé ọ̀nà ọkọ̀ ilẹ̀, ibẹ̀ sì ni ilé ìwòsàn ìjọba wà. Bí àyẹ̀wò bá ju agbára Igbokoda lọ, ìgò ẹ̀jẹ̀ tún ń rìn síwájú sí Òkìtìpupa, sí Oǹdó tàbí sí Àkúrẹ́. Ní ilé ìwòsàn ńlá ní Ìbàdàn, nọ́ọ̀sì lè gba ẹ̀jẹ̀ ní wọ́ọ̀dù kí ìgò náà sì dé yàrá àyẹ̀wò kí ọwọ́ rẹ̀ tó gbẹ. Èyí tí ó bá kúrò ní Ugbonla yóò wọ ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì, ìgbì yóò máa gbé e sókè sódò, oòrùn yóò sì máa pa á.

Kí ọ̀rọ̀ tó dé orí ọkọ̀, ó yẹ kí a mọ ibi tí ẹ̀jẹ̀ náà ti jáde. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, iṣan, ni Yorùbá ń lò fún ọ̀nà tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà, fún okùn tí ó so ẹran mọ́ egungun, àti fún ohun tí ń jẹ́ kí ara mọ ìrora. Olùkọ́ tí ó bá ń fi Yorùbá kọ́ni ní ìmọ̀ ìṣègùn kò lè dúró síbẹ̀. Ọ̀nà ẹ̀jẹ̀ pàápàá pín sí méjì: iṣan àlọ, tí ó ń gbé ẹ̀jẹ̀ jáde láti inú ọkàn, àti iṣan àbọ̀, tí ó ń dá a padà. Iṣan àlọ a máa jinlẹ̀, ó sì ń lù kì-kì-kì. Iṣan àbọ̀ ti apá sún mọ́ awọ, kì í lù, ẹ̀jẹ̀ inú rẹ̀ sì dúdú ju ti èkejì lọ. Nínú ìwé tí William Harvey, oníṣègùn ará Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tẹ̀ jáde ní 1628, okùn tí a so mọ́ apá ni ó fi hàn pé inú iṣan àbọ̀ ní àwọn ilẹ̀kùn kéékèèké tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ padà sẹ́yìn. Irú okùn yẹn náà ni nọ́ọ̀sì ń so lókè ìgbọ̀nwọ́ títí di òní, kí iṣan lè yọ níbi tí apá ti ń ká.

Kò yẹ kí okùn yìí pẹ́ lápá ju ìṣẹ́jú kan lọ. Bí ó bá pẹ́, omi yóò jò jáde kúrò nínú iṣan, ẹ̀jẹ̀ tí ó kù yóò sì ki ju bí ó ti yẹ lọ. Bẹ́ẹ̀ náà ni kò yẹ kí a ní kí aláìsàn máa di ẹ̀ṣẹ́ kí ó sì máa tú u, nítorí pé ìyẹn a máa jẹ́ kí pọtásíọ̀mù inú ẹ̀jẹ̀ ga lásán. Sípíríìtì tí a fi nu awọ gbọ́dọ̀ gbẹ kí abẹ́rẹ́ tó wọlé. Ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ ni kì í ní sùúrù tó bẹ́ẹ̀, bẹ́ẹ̀ sì ni sípíríìtì tútù a máa ta aláìsàn, a máa fọ́ ẹ̀jẹ̀, kò sì tíì pa kòkòrò tí a torí rẹ̀ lò ó.

Ṣùgbọ́n àṣìṣe tí ó léwu jù kò ti ọ̀dọ̀ abẹ́rẹ́ wá rárá. Ọ̀rọ̀ orúkọ ni. Láti 1901 tí Karl Landsteiner ti fi hàn pé ẹ̀jẹ̀ ènìyàn pín sí oríṣiríṣi ni a ti mọ̀ pé ẹ̀jẹ̀ tí kò bá ti aláìsàn mu lè pa á bí a bá fà á sí i lára. Bí orúkọ ẹlòmíràn bá wà lára ìgò tí a fẹ́ fi mọ irú ẹ̀jẹ̀ aboyún tí ẹ̀jẹ̀ ń dà lára rẹ̀, kò sí ọgbọ́n tí yàrá àyẹ̀wò lè dá sí i mọ́.

Òfin iṣẹ́ náà ni pé kí aláìsàn fi ẹnu ara rẹ̀ dárúkọ. Ní ilẹ̀ Yorùbá, ọmọdé kì í pe àgbà lórúkọ, kò sì rọrùn fún un láti kọjú sí àgbà kí ó ní, kí ni orúkọ yín. Nọ́ọ̀sì tí kò tíì ju ọmọ ọdún méjìlélógún lọ yóò kúnlẹ̀ ti bẹ́ẹ̀dì, yóò ní, “Ẹ kú ara líle o, sà. Ṣé ẹ̀yin ni Bàbá Táíwò?” Ẹni tí ibà ti mú kí ojú rẹ̀ ṣú yóò dáhùn pé, “Hẹn, ọmọ mi.” Ó lè jẹ́ pé Bàbá Táíwò méjì ni ó wà nínú wọ́ọ̀dù náà. Ó sì lè jẹ́ pé ẹni yìí kì í tilẹ̀ ṣe Bàbá Táíwò kankan, pé ara ríro ni ó jẹ́ kí ó máa ṣe hẹn sí ohun gbogbo tí wọ́n bá sọ. Ọ̀wọ̀ kò ní kí a má béèrè. “Bàbá, ẹ má bínú, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dárúkọ yín àti ti bàbá yín kí n lè kọ ọ́ sára ìgò.” Ọ̀wọ̀ pé nínú gbólóhùn yìí, òfin iṣẹ́ náà sì pé níbẹ̀. Ó yẹ kí àwọn ilé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì máa kọ́ irú rẹ̀ bí wọ́n ti ń kọ́ bí a ṣe ń di abẹ́rẹ́ mú. Ẹ̀gbẹ́ aláìsàn náà ni kí nọ́ọ̀sì ti kọ orúkọ, ọjọ́ àti aago sára ìgò, pẹ̀lú yíǹkì tí omi kò lè pa rẹ́.

Àwọn ìgò pàápàá kò rí bákan náà, àwọ̀ ìdérí wọn ni a fi ń dá wọn mọ̀. Elésè àlùkò ní oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, òun ni a fi ń ka iye sẹ́ẹ̀lì. Pupa kò ní irú oògùn bẹ́ẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ inú rẹ̀ gbọ́dọ̀ dì kí a tó lè rí omi rẹ̀ lò. Aláwọ̀ eérú wà fún ṣúgà. Ẹni tí ó bá rí i pé ẹ̀jẹ̀ pọ̀ jù nínú elésè àlùkò, tí ó sì dà á kún ti pupa, ti ba àyẹ̀wò jẹ́, nítorí pé pọtásíọ̀mù wà nínú oògùn elésè àlùkò náà. Ìgò tí ó ní oògùn, a ó rọra dorí rẹ̀ kodò, a ó sì tún gbé e dìde, nígbà mẹ́jọ títí dé mẹ́wàá. A kì í gbọ̀n ọ́n bí ìgò oògùn ikọ́.

Wàyí o, kí ìgò wọ ọkọ̀. Sẹ́ẹ̀lì inú rẹ̀ ṣì wà láàyè, ebi sì ń pa á. Bí kò bá sí oògùn ìdènà, yóò máa jẹ nǹkan bí 5 sí 7 nínú ọgọ́rùn-ún ṣúgà inú ìgò náà ní wákàtí kọ̀ọ̀kan. Nínú ooru, ó lè jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn dókítà ka 126 mílígírámù nínú désílítà kan sí ẹnu ọ̀nà àtọ̀gbẹ fún ẹni tí kò tíì jẹun láàárọ̀. Ká ní 140 ni ti apẹja kan ní Ugbonla, tí wọ́n fi ìgò lásán gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, tí ọkọ̀ dúró de èrò, tí ìgò náà sì pé wákàtí mẹ́rin kí ó tó dé iwájú ẹ̀rọ, ó lè ti sún mọ́ 110. Wọn yóò kí i kú oríire, yóò padà sílé, àtọ̀gbẹ náà yóò sì máa bá a lọ lábẹ́lẹ̀ títí yóò fi dé ojú rẹ̀ tàbí ẹsẹ̀ rẹ̀.

Ìgbì náà ní iṣẹ́ tirẹ̀. Bí ọkọ̀ bá ti ń fò lórí omi tí ó ń balẹ̀ gbì, sẹ́ẹ̀lì pupa lè máa bẹ́. Omi ẹ̀jẹ̀ tí ó yẹ kí ó ní àwọ̀ koríko gbígbẹ yóò pọ́n bí omi ìsápá. Pọtásíọ̀mù tí ó wà nínú sẹ́ẹ̀lì yóò tú jáde, dókítà tí kò bá fura yóò sì máa tọ́jú ọkàn tàbí kíndìnrín tí kò ṣe nǹkan kan. Òṣìṣẹ́ àyẹ̀wò tí ó mọ iṣẹ́ rẹ̀ yóò da irú ìgò bẹ́ẹ̀ nù, yóò ní kí a lọ gba òmíràn. Ó tọ̀nà, ṣùgbọ́n ta ni yóò san owó ọkọ̀ lẹ́ẹ̀kejì?

Ẹni tí ó mọ bí yìnyín ti ń tọ́jú ẹja lè rò pé kí a sáà ti ìgò bọ inú yìnyín. Ẹ̀jẹ̀ kì í ṣe ẹja. Sẹ́ẹ̀lì tí ó bá dì gbagidi yóò bẹ́, òtútù tí kò tíì mú un dì pàápàá a sì máa jẹ́ kí pọtásíọ̀mù jò jáde. Ọ̀nà àbáyọ ni pé kí a fi ẹ̀jẹ̀ inú ìgò pupa sílẹ̀ fún nǹkan bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ní òòró kí ó dì, kí a fi í sínú ẹ̀rọ tí ń yí ìgò bí òkòtó, kí a sì fa omi orí rẹ̀ sínú ìgò mìíràn. Omi náà ni yóò wọ ọkọ̀, nínú kúlà, tí aṣọ wà láàárín òun àti yìnyín. Ẹ̀rọ kan tí ń yí ìgò, pẹ̀lú iná tí a fi oòrùn mú wá, yóò wúlò fún etí òkun Ìlàjẹ ju ọ̀pọ̀lọpọ̀ ilé tí a kọ́ tí a kò kó irinṣẹ́ sí lọ. Ní ti ibà lásán, a kò tilẹ̀ nílò ìrìn àjò: ẹ̀kán ẹ̀jẹ̀ kan láti ìka lórí ike ìdánwò, èsì yóò jáde níbẹ̀.

Ẹni tí ó di ìgò mú náà wà nínú ewu. Ní oṣù kẹfà 1927, ní Kpeve ní ilẹ̀ tí à ń pè ní Gánà lónìí, wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ lápá ọkùnrin kan, ọmọ ọdún 28, tí ń jẹ́ Asibi, tí ibà pọ́njú ń yọ lẹ́nu díẹ̀. Wọ́n fi gún ọ̀bọ kan, ọ̀bọ náà sì kú. Báyìí ni àwọn oníṣègùn tí àjọ Rockefeller kó jọ sí Yábàá, ní Èkó, ṣe rí ohun tí ó ń fa àrùn náà mú. Asibi yè é. Adrian Stokes, ọ̀kan nínú àwọn tí ń ṣiṣẹ́ lórí ẹ̀jẹ̀ àwọn ọ̀bọ náà, kò yè é. Ibà pọ́njú pa á ní Èkó ní oṣù kẹsàn-án ọdún náà gan-an. Láti ara irú kòkòrò tí ó ti inú ẹ̀jẹ̀ Asibi jáde ni Max Theiler ti ṣe abẹ́rẹ́ àjẹsára tí a ń gbà títí di òní, òun sì ni ó gba ẹ̀bùn Nobel ní 1951.

Èyí kì í ṣe ìtàn àtijọ́ nìkan ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó. Ibà Lassa, tí a kọ́kọ́ dá mọ̀ ní 1969, ti pa àwọn òṣìṣẹ́ ìlera ní ilẹ̀ yìí. Ilé ìwòsàn ìjọba àpapọ̀ tí ó wà ní Ọ̀wọ̀ mọ ìṣòro rẹ̀ dáadáa, ìgò ẹ̀jẹ̀ tí a fura sí láti Ọ̀wọ̀ sì ti wọ mọ́tò lọ sí Irrua ní Ìpínlẹ̀ Ẹdó lọ́pọ̀ ìgbà kí àyẹ̀wò tó ṣe é ṣe. Irú ìgò bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ wà nínú ohun mẹ́ta tí ó wọ inú ara wọn, kí ohun tí ó bá jò má bàa dé ọwọ́ awakọ̀.

Abẹ́rẹ́ ni ó kù. A kì í dé e padà lẹ́yìn tí a bá ti lò ó tán, nítorí pé ibi ìdérí gan-an ni ó ti ń gún òṣìṣẹ́ lọ́wọ́. Bí abẹ́rẹ́ bá gba ara ẹni tí ó ní àrùn ẹ̀dọ̀ oríṣi B kọjá, tí ó sì gún ọgọ́rùn-ún òṣìṣẹ́ tí kò gba àjẹsára, ó lè tó ọgbọ̀n tí yóò mú. Inú páálí líle ni kí abẹ́rẹ́ náà bọ́ sí lójú ẹsẹ̀. Ní òkè, wọn a máa sun páálí yìí, wọn a sì gbẹ́ kòtò bo eérú rẹ̀. Ní etí òkun Ìlàjẹ, òkun a máa wá kó ilẹ̀ lọ. Ohun tí a bá bò mọ́lẹ̀ lónìí lè léfòó lọ́la níbi tí àwọn ọmọdé ti ń lúwẹ̀ẹ́. Nítorí náà, ọkọ̀ tí ó gbé ìgò ẹ̀jẹ̀ lọ sí Igbokoda ni ó yẹ kí ó gbé páálí abẹ́rẹ́ náà lọ pẹ̀lú, kí a sì kọ iye rẹ̀ sínú ìwé ní èbúté méjèèjì.