Dífídẹ́ǹdì ₦30, àpò sìmẹ́ǹtì mélòó ni yóò rà?

Bí ẹ bá wà nínú ọkọ̀, ẹ fi yíàpíìsì sétí dáadáa, nítorí ìṣirò díẹ̀ wà nínú ọ̀rọ̀ tòní.

Àbúrò mi kan tó ń kọ́lé yàrá méjì sí Ìlọrà ló fi ohùn ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp lọ́dún 2025. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, mo gbọ́ pé Dangote Cement fẹ́ san ₦30 lórí ṣéà kọ̀ọ̀kan. Ṣé kí n dá ilé dúró, kí n kó owó búlọ́ọ̀kù lọ ra ṣéà wọn? Ó kéré tán, wọ́n á máa dá díẹ̀ padà fún mi nínú owó sìmẹ́ǹtì tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ mi."

Ẹ̀rín pa mí. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo tún un gbọ́ lẹ́ẹ̀kejì, mo rí i pé ìbéèrè gidi ni.

Ẹ jẹ́ ká gba Fìdítì lọ ná. Gbogbo ẹni tó bá ti gba ọ̀nà Ọ̀yọ́ sí Ìbàdàn ló mọ àwọn tó ń ta ọsàn àti ọ̀pẹ̀ òyìnbó níbẹ̀. Ká ní ẹnìkan ta igi ọsàn kan fún yín nínú oko rẹ̀. Igi yẹn ni ṣéà. Ọsàn tó ń so lọ́dọọdún ni dífídẹ́ǹdì. Bí ọ̀rẹ́ yín bá wá ń yangàn pé igi òun so igba ọsàn lọ́dún yìí, ẹ má tíì pàtẹ́wọ́. Ẹ bi í pé, "Èló lo ra igi náà?" Ìdáhùn ìbéèrè yẹn ni àwọn onímọ̀ ọjà ṣéà ń pè ní yield: iye tó so, tí ẹ bá gbé e lé orí iye tí ẹ rà á.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká wo igi Dangote Cement. Oṣù Kẹwàá 2010 ló wọ ọjà ṣéà Nàìjíríà. Fún ọdún 2013, ₦7 ló san. Fún 2014 ó wálẹ̀ sí ₦6, lẹ́yìn náà ₦8, ₦8.50, ₦10.50. Nígbà tó di ti 2018, ó fò sókè sí ₦16. Ó sì jókòó síbẹ̀: ₦16 fún 2018, ₦16 fún 2019, ₦16 fún 2020. Ó san ₦20 fún 2021 àti 2022, ó sì di ₦30 fún 2023 àti 2024. Kò fo ọdún kankan láàárín ìgbà yẹn, ìyẹn kì í sì í ṣe nǹkan kékeré ní orílẹ̀-èdè yìí.

Ṣùgbọ́n èló ni wọ́n ra igi? Ní ìparí 2019, ṣéà kan jẹ́ ₦142. Ní oṣù Kìíní 2024, ó ti gun òkè dé ₦763. Ẹni tó rà á ní ₦142 tó sì dì í mú, ₦30 yẹn jẹ́ èrè ₦21 lórí ₦100 kọ̀ọ̀kan tó fi sílẹ̀. Ẹni tó sáré wọlé ní ₦763 nítorí pé gbogbo Twitter ń pariwo, kò rí ₦4 lórí ₦100. Ilé-iṣẹ́ kan náà ni, dífídẹ́ǹdì kan náà ni, ọjọ́ kan náà ni owó wọlé fún àwọn méjèèjì. Ní ìparí 2024, ṣéà náà ti já bọ́ sí nǹkan bíi ₦479.

Ohun kan tún wà tí àwọn tó ń polówó dífídẹ́ǹdì kì í sábà sọ. Ibo ni wọ́n ti ń mú owó náà? Fún ọdún 2019, èrè tí Dangote Cement jẹ lórí ṣéà kọ̀ọ̀kan kò pé ₦12, síbẹ̀ ₦16 ni wọ́n pín. Fún 2023, wọ́n jẹ èrè ₦26 àti kọ́bọ̀ díẹ̀, wọ́n pín ₦30. Ẹni tó ń ná ju ohun tó ń wọlé lọ, ó ní ibi tó ti ń fà á yọ. Èmi kò sọ pé ilé-iṣẹ́ náà ń wó o. Ṣùgbọ́n ẹ rántí pé Alhaji Dangote, nípasẹ̀ ilé-iṣẹ́ rẹ̀ àgbà, ló ni ju ìdá ọgọ́rin nínú ọgọ́rùn-ún ṣéà náà. Nínú gbogbo ₦100 tí wọ́n bá pín, ó ju ₦80 lọ tó ń padà sílé rẹ̀. Ní tèmi, ìyẹn wà lára ìdí tí ọwọ́ wọn fi máa ń là.

Wàyí o, ọ̀rọ̀ sìmẹ́ǹtì àbúrò mi. Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀. Ká ní ẹ ní ọgọ́rùn-ún ṣéà. Dífídẹ́ǹdì tó wọlé lọ́dún 2020 jẹ́ ₦1,600. Ìjọba yọ ìdá mẹ́wàá owó orí nínú rẹ̀, ó ku ₦1,440. Nígbà yẹn, àpò sìmẹ́ǹtì kan wà láàárín ₦2,500 sí ₦3,000. Owó yín ra nǹkan bí ìdajì àpò. Ní 2024, ẹ gba ₦3,000, wọ́n yọ tiwọn, ó ku ₦2,700. Ṣùgbọ́n ẹ rántí oṣù Kejì ọdún yẹn, nígbà tí àpò kan kọjá ₦10,000 níbòmíràn, tí Mínísítà Umahi pe àwọn tó ń ṣe sìmẹ́ǹtì jókòó, tí wọ́n sì fẹnu kò sí ₦7,000 sí ₦8,000. Ní ₦8,000 pàápàá, ₦2,700 yín ra ìdá mẹ́ta àpò kan.

Ẹ gbọ́ o: dífídẹ́ǹdì fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po méjì, sìmẹ́ǹtì tó lè rà sì dín kù.

Ẹ má rò pé gbogbo igi ló ń so bẹ́ẹ̀ náà. WAPCO àtijọ́, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1959, tí ilé-iṣẹ́ rẹ̀ ní Ewékorò bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1960, òun ló di Lafarge Africa. Ó san ₦3.60 fún ọdún 2014. Fún 2018, kò san kọ́bọ̀. Àwọn bàbá wa tó rà á gẹ́gẹ́ bí owó ìfẹ̀yìntì mọ bí ọdún yẹn ṣe rí.

Ọ̀rọ̀ àwọn bàbá náà mú mi rántí. Bí bàbá tàbí bàbá àgbà yín bá ti ra ṣéà rí, ẹ wo inú àpótí. Èmi rí ìwé ṣéà bàbá àgbà mi lábẹ́ aṣọ òkè. Àdírẹ́sì ilé kan tí wọ́n ti wó ló wà lórí rẹ̀. Ẹ kó ìwé náà àti ìwé ìdánimọ̀ lọ bá rẹ́jísítírà ilé-iṣẹ́ náà, kí ẹ sì gba fọ́ọ̀mù e-dividend kí owó lè máa wọ báǹkì tààrà. Bí ẹni náà bá ti kú, ìwé ilé-ẹjọ́ ni wọ́n máa kọ́kọ́ béèrè, ó sì máa ń pẹ́. Dífídẹ́ǹdì tí ẹnìkan kò gbà fún ọdún mẹ́fà, òfin 2020 ní kí wọ́n kó o sí àpò kan lọ́wọ́ ìjọba àpapọ̀. Ẹ ṣì lè lọ béèrè rẹ̀ níbẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ mọ bí irú ìrìn yẹn ṣe máa ń rí.

Kí ni mo wá sọ fún àbúrò mi? Mo ní owó búlọ́ọ̀kù kì í ṣe owó ṣéà. Bó bá ní owó tó lè jókòó fún ọdún márùn-ún láì bi í, ìyẹn ni kó fi ra igi, kó sì kọ iye tó rà á sílẹ̀. Ó gbọ́. Ó ra búlọ́ọ̀kù dé líńtẹ́ẹ̀lì, ó fi owó tó ṣẹ́kù ra ogún ṣéà.

Nígbà tí wọ́n san dífídẹ́ǹdì, ₦540 wọlé fún un. Ó ya àwòrán alẹ́ẹ̀tì báǹkì ránṣẹ́ sí mi, ó kọ ọ́ sí abẹ́ rẹ̀ pé: "Ẹ̀gbọ́n mi, owó ọ̀kadà bíríkìlà ti dé."