Ọjọ́ Ìgbọ́ràn Àgbáyé àti Ariwo Toll Gate Ṣàngó

Àwọn àgbà ní etí tí ó gbọ́ àlọ ni yóò gbọ́ àbọ̀. Bí etí náà bá wá di kí àbọ̀ tó dé ńkọ́?

Ọjọ́ 3 oṣù kẹta ni Àjọ Ìlera Àgbáyé yà sọ́tọ̀ lọ́dọọdún fún ọ̀rọ̀ etí. Ìpàdé kan tí ó wáyé ní Beijing ní ọdún 2007 ni ó bí i. Ní ọdún 2016 ni wọ́n sì sọ ọ́ ní Ọjọ́ Ìgbọ́ràn Àgbáyé. Àjọ náà ṣírò pé àwọn tí ìṣòro ìgbọ́ràn wọn ń fẹ́ ìtọ́jú lé ní mílíọ̀nù 430.

Ọ̀rọ̀ náà kan Toll Gate Ṣàngó ní Ọ̀tà gbọ̀ngbọ̀n. Ìjọba àpapọ̀ fòpin sí owó ibodè ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2004; orúkọ ni ó kù níbẹ̀, òun àti ariwo. Agbèrò ń pe Abẹ́òkúta, fèrè ọkọ̀ ń dún, jẹnẹrétọ̀ ń kùn níwájú ṣọ́ọ̀bù. Nínú ọgbà ilé-iṣẹ́ tí kò jìnnà síbẹ̀, ẹ̀rọ mìíràn a máa ṣiṣẹ́ tọ̀sán-tòru.

Ohun tí ó mú ọ̀ràn náà le ni pé ariwo lè ba etí jẹ́ láìsí ìrora. Àwọn ohun tín-ín-tìn-ín bí irun wà nínú etí lọ́hùn-ún, tí ń gba ìró ránṣẹ́ sí ọpọlọ. Èyí tí ariwo bá pa nínú wọn kì í hù mọ́. Òṣìṣẹ́ a ṣì máa gbọ́ ohùn, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kò ní yé e dáadáa. Àwọn ará ilé rẹ̀ a sì rò pé ìgbéraga ni.

Ìlànà tí ọ̀pọ̀ onímọ̀ ń tẹ̀ lé ni pé kí ariwo ibi iṣẹ́ má kọjá dẹ́síbẹ̀lì 85 fún wákàtí 8. Bí ó bá di 88, wákàtí 4 ni. Bí ó bá di 100, ìṣẹ́jú 15 péré.

Agbanisíṣẹ́ lè wí pé òṣìṣẹ́ kì í fẹ́ lo ìbòtí nítorí ooru. Ṣùgbọ́n ìbòtí ni ó yẹ kí ó gbẹ̀yìn: kí wọ́n kọ́kọ́ tún ẹ̀rọ ṣe, kí wọ́n fi nǹkan bò ó, kí wọ́n sì máa pààrọ̀ àwọn tí ń dúró tì í. Ìlànà ìjọba àpapọ̀ lórí ariwo ti wà láti ọdún 2009.

Olùkọ́ pẹ̀lú ní ipa tirẹ̀. Ọmọ tí a pè tí kò dáhùn lè má jẹ́ olóríkunkun. Kí olùkọ́ mú un jókòó síwájú, kí ó sì ní kí òbí mú un lọ fún àyẹ̀wò etí kí pàṣán tó dé.

Ọjọ́ 1 ni ìpolongo. Ọjọ́ 365 ni etí fi ń ṣiṣẹ́. Bí ọ̀rọ̀ ọjọ́ 3 oṣù kẹta kò bá dé ìdí ẹ̀rọ ní ọjọ́ 4, ariwo lásán ni òun náà.