Àwòrán Tí À Ń Wọ Inú Rẹ̀

Ní teamLab Planets, ilé àfihàn iṣẹ́ ọnà tí wọ́n ṣí ní 2018 nílùú Tokyo, lórílẹ̀-èdè Jàpáàn, ẹ ó bọ́ bàtà, ẹ ó ká ṣòkòtò sókè, torí omi kún iyàrá kan dé orúnkún. Ẹja tí wọ́n fi iná yà ń lúwẹ̀ẹ́ lójú omi náà. Bí ọ̀kan bá kọlu ẹsẹ̀ yín, á di òdòdó, á sì tú ká.

Kì í ṣe fíìmù tí wọ́n ti gbà sílẹ̀ o! Kọ̀ǹpútà ló ń yà á lójú ẹsẹ̀, bí àwọn èèyàn ṣe ń rìn. Èyí tẹ́ ẹ bá rí kò ní padà wá bẹ́ẹ̀ mọ́. Ohun tó wú mi lórí jù nìyẹn: ọmọdé tó ń fẹsẹ̀ wọ́mi lọ náà ti di ayàwòrán.