Ta Ló Mú Kọ́kọ́rọ́ Pọ́ǹpù? Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ Gbangba ní Monrovia



Ẹ ní kí n sọ̀rọ̀ lórí àwọn tó ń fínnúfíndọ̀ pa iná àti bí àdúgbò ṣe ń mójú tó wọn. N kò ní fi ìtumọ̀ dá yín dúró. Ẹni tó ń sáré lọ síbi iná láìgba owó oṣù la ń wí. Àmójútó ni pé kí àdúgbò mọ ibi tí irinṣẹ́ wà, iye owó tó wọlé, àti ẹni tí wọn yóò bi bí nǹkan bá bàjẹ́. Ó tó bẹ́ẹ̀.

Bushrod Island ni púpọ̀ nínú yín ń gbé. Omi ló yí i ká: òkun, odò St. Paul, Mesurado àti Stockton Creek. Bí iná bá sọ ní Clara Town, orí afárá ni ọkọ̀ panápaná tó ń ti àárín ìlú bọ̀ máa gbà, kẹ̀kẹ́ àti ọ̀kadà á sì ti dí ibẹ̀ pa. West Point kì í ṣe erékùṣù, ṣùgbọ́n òkun ń jẹ ẹ́ lápá kan, odò wà lápá kejì, páànù fara ti páànù, wáyà iná tí wọ́n jí fà sì rọ̀ lórí wọn bí aṣọ sísá. Iná kò sì mọ olówó. Ní ọjọ́ 26 oṣù Keje 2006, ọjọ́ òmìnira gan-an, ààfin ààrẹ gbiná nígbà tí Ààrẹ Ellen Johnson Sirleaf ń gbàlejò àwọn ààrẹ ilẹ̀ mìíràn. Ní ọjọ́ 18 oṣù Kejìlá 2024, gbọ̀ngán àpapọ̀ àwọn aṣòfin jóná ní Capitol. Ṣé búkà páànù wá ni yóò yè é?

Lórí ẹni tó yẹ kó máa pa irú iná bẹ́ẹ̀ ni èmi àti ọ̀rẹ́ mi kan, ọ̀jọ̀gbọ́n bíi tèmi, ti ń fà á láti ọjọ́ pípẹ́. N kò ní dárúkọ rẹ̀. Ó mọ ara rẹ̀. Ó ní ẹ̀tàn ni gbogbo ọ̀rọ̀ ìfínnúfíndọ̀ yìí, pé tálákà á san owó orí tán, á tún fi àyà ara rẹ̀ pa iná. Ó ní kí ìjọba ra ọkọ̀ ni. Mo gbà pé ìjọba jẹ̀bi. Àmọ́ mo bi í léèrè nípa Chile, níbi tí àwọn panápaná kì í ti í gba owó oṣù, láti ìgbà tí wọ́n ti dá ẹgbẹ́ àkọ́kọ́ sílẹ̀ ní Valparaíso ní 1851. Mo bi í nípa Jámánì, tí àwọn panápaná aláìgbowó rẹ̀ tó nǹkan bíi mílíọ̀nù kan. Mo bi í nípa ẹgbẹ́ tí Benjamin Franklin dá sílẹ̀ ní Philadelphia ní 1736: ọmọ ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ ní garawa aláwọ nílé, ẹni tí tirẹ̀ kò bá sì wà ní sẹpẹ́ á san owó ìtanràn. Owó ìtanràn yẹn gan-an ni ọ̀rọ̀ mi! Ó ní Jámánì ní ọ̀nà, ó ní omi ẹ̀rọ. Òótọ́ ni. Ó dáa, mo fi Jámánì sílẹ̀ fún un. Ẹ jẹ́ ká lọ sí West Point.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà níbí nígbà àjàkálẹ̀ àrùn Ebola ní 2014 mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ jù mí lọ. Wọ́n sọ ilé ẹ̀kọ́ kan ní West Point di ibi tí wọ́n ń kó àwọn tí wọ́n fura sí pé wọ́n ní Ebola sí, wọn kò sì bi ará àdúgbò. Ní ọjọ́ 16 oṣù Kẹjọ, èrò ya wọ ibẹ̀, àwọn aláìsàn tú ká, wọ́n kó bẹ́ẹ̀dì lọ. Ní ọjọ́ 20, ìjọba fi ọmọ ogun ti West Point pa. Ìbọn dún, ọmọdékùnrin kan kú. Ọjọ́ 30 ni wọ́n tó ṣí i. Kí ló wá tu àdúgbò náà lára? Mosoka Fallah, onímọ̀ nípa àjàkálẹ̀ àrùn, lọ bá àwọn olórí àdúgbò jókòó. Àwọn ará West Point fúnra wọn ń kan ilẹ̀kùn ojúlé dé ojúlé, wọ́n ń wá aláìsàn, wọ́n ń ka òkú, wọ́n sì ń jábọ̀. Àdúgbò kan náà tó kó bẹ́ẹ̀dì lọ ni o! Àwọn èèyàn kò yí padà. Ohun tó yí padà ni ẹni tó ń ṣe àmójútó. Ọ̀rẹ́ mi ní Ebola kì í ṣe iná. Èmi náà mọ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó lè mọ ilé tí aláìsàn sá pamọ́ sí yóò mọ ilé tí wọ́n ti ń so wáyà mẹ́wàá mọ́ ojú kan.

Àwọn kan tún wà tó ní ká kọ́kọ́ ra pọ́ǹpù ná, ká tó sọ ti àmójútó. Nígbà èwe mi ní Ìbàdàn, àdúgbò kan dá owó ra pọ́ǹpù, a sì jó yí i ká lọ́jọ́ tó dé. Lọ́jọ́ tí iná sọ, ẹni tó mú kọ́kọ́rọ́ ti lọ síbi òkú ní ìlú mìíràn. Wọ́n já ilẹ̀kùn, wọn ò bá ẹ̀kán epo kan nínú pọ́ǹpù náà; epo náà ti ń gbé ọkọ̀ ẹnì kan káàkiri. Ilé mẹ́ta ló lọ sí i.

Ẹ jẹ́ n bá yín wí díẹ̀. A máa ń pe “àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ àyà” nípàdé, a ó sì lọ sùn. Bẹ́ẹ̀ ni ẹ mọ bí wọ́n ṣe ń mójú tó nǹkan: nínú àjọ susu tí ẹ ń dá, ta ni kò mọ ẹni tó kàn láti kó o, àti ẹni tí kò tíì san? Ṣùgbọ́n kẹ́ẹ̀gì epo wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ jẹnẹrétọ̀ nínú ṣọ́ọ̀bù, kò sí ẹni tó bi oníṣọ́ọ̀bù. Ní Totota, ní ọjọ́ 26 oṣù Kejìlá 2023, ó lé ní 40 èèyàn tó kú nígbà tí ọkọ̀ epo tó ṣubú gbiná níbi tí wọ́n ti ń gbọ́n epo rẹ̀. Ní Paynesville, ní oṣù Kẹsàn-án 2019, àwọn ọmọ ilé kéwú jóná lójú oorun. Mo kàn ń rán yín létí ni.

Alága ti ń nawọ́ sí aago. Nípa ti ìjọba: kí Liberia National Fire Service dá àwọn ọ̀dọ́ yìí lẹ́kọ̀ọ́, kí ó kọ orúkọ wọn sílẹ̀, kí ó sì tọ́jú ẹni tó bá fara pa. Nípa omi: kànga àti yanrìn wà, ẹ kó wọn sí ìtòsí. Nípa kọ́kọ́rọ́: ọwọ́ àwọn obìnrin ọjà ni kó wà, nítorí àwọn ni kì í kúrò níbẹ̀ láti òwúrọ̀ dalẹ́.

Kí ẹ tó tú ká lálẹ́ òní, ẹ yan obìnrin méjì tí yóò mú kọ́kọ́rọ́ ní ọjà Duala, ẹ kọ orúkọ wọn gàdàgbà sára ògiri ọjà, kí olúkúlùkù mọ ẹni tí yóò kígbe pè.